Ìbéèrè wọn dára ju ìwé wọn lọ: iṣẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn tí ẹgbẹ́ oníjó wa gbà

Mo lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ gba irú ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á nítorí ìwé ètò tí wọ́n máa kọ fún yín. Ẹ gbà á nítorí ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín, àti nítorí àwọn tí wọ́n máa kọjú ìbéèrè náà sí. Èmi ni akápò ìgbìmọ̀ olùdarí ẹgbẹ́ oníjó kan tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe jẹun, ìfẹ́ ijó ló gbé mi dé inú ìgbìmọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí gbogbo owó tí a san fún àwọn agbaninímọ̀ràn náà, mo sì jókòó sí gbogbo ìpàdé tó lórúkọ tí wọ́n bá wa ṣe. Ohun tí mo bá sọ níbí, ojú mi ló ṣe.

Ẹgbẹ́ ọnà àti àṣà nìkan ni ilé-iṣẹ́ yìí ń gbà nímọ̀ràn: ilé ìṣeré, ẹgbẹ́ akọrin, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún orin, àti oníjó bíi tiwa. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ó wà nínú àdéhùn wa pé ẹnì kankan kò ní lo orúkọ ẹnì kejì ní gbangba láìgbàṣẹ. Iṣẹ́ méjì la gbé fún wọn. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n bá wa to ètò ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀. Ìkejì ni kí wọ́n wá adarí kan fún wa tó máa di ipò mú fúngbà díẹ̀, nítorí Màmá tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ti sọ fún wa pé àwọn fẹ́ sinmi.

Bí a ṣe yàn wọ́n náà tó ọ̀rọ̀ sọ. Nínú àwọn tó kọ̀wé sí wa, ẹnìkan wà tí àbá rẹ̀ dùn létí gan-an. Ó ní ká má san owó iṣẹ́ kankan, pé ìdá kan nínú owó tí òun bá bá wa rí lọ́dọ̀ àwọn olùtọrẹ ni ká máa fún òun. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti fẹ́ gbà fún un lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo ta kò ó. Association of Fundraising Professionals, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó fi wíwá owó fún àjọ ṣe iṣẹ́, kò fàyè gbà á nínú òfin ìwà wọn pé kí èèyàn máa gba ìdá nínú ọrẹ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tó fún wa lówó pé ká fi gbé ijó jáde kò mọ̀ pé apá kan nínú rẹ̀ máa wọ àpò ẹlòmíì. Ẹni tó ń gba ìdá kò sì ní fara balẹ̀ bá olówó ṣọ̀rẹ́ fún ọdún méjì kó tó tọrọ nǹkan, èyí tó máa tètè bọ́ sọ́wọ́ ni yóò máa lé. Owó tó ti ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún kó tó dé ńkọ́, ṣé a máa ka ìyẹn náà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ìgbìmọ̀ gbà, a sì fi àbá náà sílẹ̀.

Mo tún béèrè orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn tó kù ti bá ṣiṣẹ́ rí, mo sì lọ wo ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ náà fúnra mi. Mo rọ gbogbo akápò tó bá ń ka ọ̀rọ̀ mi pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àjọ tí ìjọba yọ̀ǹda fún pé kí wọ́n má san owó orí máa ń fi Form 990, ìyẹn ìwé tó ń ṣàlàyé owó wọn, ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún, ìwé náà kì í sì í ṣe àṣírí, ẹni tó bá wù ló lè kà á. Ní England àti Wales, ìwé àkọsílẹ̀ Charity Commission, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn àjọ aláàánú, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún tí wọ́n gba agbaninímọ̀ràn kọ́ ni kí ẹ wò jù, ọdún kejì àti ìkẹta lẹ́yìn tó lọ ni. Ṣé owó ìpamọ́ ẹgbẹ́ náà pọ̀ sí i? Ṣé adarí tuntun tí wọ́n bá wọn wá ṣì wà níbẹ̀? Lẹ́tà ìyìn dára, àmọ́ kò sí agbaninímọ̀ràn tó máa mú lẹ́tà àbùkù wá fún yín.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, obìnrin tó ṣáájú wọn, tí òun fúnra rẹ̀ ti darí ilé ìṣeré rí, kò béèrè ìwé kankan. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí àwọn oníjó ti ń dánra wò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tún ẹsẹ̀ kan náà gbé léraléra títí ó fi bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń to ijó tuntun fún wa, ó bi í pé, "Ní ọdún mẹ́ta sí àsìkò yìí, kí lo fẹ́ kí àwọn èèyàn wá wò?" Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, a ò sì rí ẹnu rẹ̀ dá dúró mọ́. Nínú ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn la ti rí iṣẹ́ ńlá tí a ń wá owó fún báyìí. Mo ti rí agbaninímọ̀ràn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ìwé owó ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Fún ẹgbẹ́ ọnà, ibi tí obìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo gbà pé ó tọ́.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá kan owó, wọn ò fọwọ́ pa wá lórí. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà kọ iye tó wà nínú àkáǹtì wa sókè pátákó. Iye náà dára lójú, ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀. Ó wá bẹ alága pé kí wọ́n máa ka ìjábọ̀ owó tí mo kọ sókè ketekete, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì, kí òun máa fi yọ. Wọ́n ka owó tí àjọ kan fún wa láti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ijó: kò ṣe é ná sórí ohun mìíràn, ó yọ ọ́. Wọ́n ka owó tí olùtọrẹ kan ní ká fi rán aṣọ ijó: ó yọ ọ́. Wọ́n dé orí owó tíkẹ́ẹ̀tì eré tí a kò tíì ṣe. Gbèsè tí a jẹ àwọn òǹwòran nìyẹn jẹ́ títí ọjọ́ eré, bí eré kò bá wáyé a máa dá a padà ni, ó yọ ìyẹn náà. Ó yọ owó oṣù tó ti fẹ́ pé. Ohun tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ pátákó kò lè gbé wa kọjá oṣù méjì. Inú ìjábọ̀ tí mo máa ń fún wọn ni gbogbo nọ́ńbà yẹn ti wá, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ohùn alága fúnra wọn ló kà á, etí gbogbo ìgbìmọ̀ ló sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún sọ fún mi pé "a ṣáà lówó ní báńkì."

Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ yìí lè máà mọ bí owó tí wọ́n so mọ́ iṣẹ́ kan ṣe ń há ẹgbẹ́ ọnà láyè. Olùtọrẹ fẹ́ràn kí orúkọ wọn wà lára eré tuntun, tàbí lára ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Iná mànàmáná, owó ilé, owó ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn, owó ẹni tó ń kọ ìwé owó, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i. Ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa fi ń dárúkọ MacKenzie Scott, obìnrin olówó kan ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2020 nìyẹn: ó ń fún àwọn àjọ lówó ńlá láì sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí àwọn agbaninímọ̀ràn wa ṣe ni pé wọ́n jókòó ti ọ̀gá òṣìṣẹ́ wa, wọ́n gbé ìwé ìbéèrè owó kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jọ tún un ṣírò. Wọ́n ka ìpín iṣẹ́ náà nínú owó ilé, iná àti owó oṣù ọ́fíìsì mọ́ ọn. Iye tó jáde ga ju èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀rù ba ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà láti fi ránṣẹ́. Àjọ tí a kọ ọ́ sí fọwọ́ sí i láì bi wá ní ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe gbogbo ìbéèrè owó wa báyìí nìyẹn, bó bá sì ṣe ìyẹn nìkan ni wọ́n kọ́ wa, mi ò ní bínú sí owó tí a san.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ti rí ìsàlẹ̀ pátákó, ohun tí ẹ ń rò náà ló ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan ní ká fagi lé ijó tuntun, ká dín owó ìpolówó kù, ká máa tún àwọn ijó àtijọ́ jó títí nǹkan á fi rọlẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ọ̀pọ̀ sì mi orí sí i. Obìnrin náà ní, "Ijó yẹn ni ọjà yín. Bí ẹ bá gbé e kúrò lórí àtẹ, kí lẹ fẹ́ kí èèyàn wá sanwó fún?"

Ó ṣàlàyé. Ní 1966, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, William Baumol àti William Bowen, fi hàn ìdí tí iṣẹ́ orí ìtàgé fi máa ń gbówó lórí sí i lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà lè ra ẹ̀rọ, kí òṣìṣẹ́ kan sì máa ṣe iṣẹ́ tí ẹni mẹ́wàá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tí Beethoven kọ fún olórin mẹ́rin, olórin mẹ́rin náà ló ṣì ń gbà lónìí, àkókò tó sì ń gbà kò dín. Síbẹ̀, owó oṣù àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ máa gòkè bí ti àwọn ará ìta ṣe ń gòkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè máa gé owó títí tí àlàfo yẹn á fi dí. Owó tó ń wọlé ló gbọ́dọ̀ máa dàgbà. Michael Kaiser, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn fún títún ẹgbẹ́ ọnà tó wọ gbèsè ṣe, láti orí ẹgbẹ́ oníjó Alvin Ailey àti American Ballet Theatre ní New York dé Royal Opera House, ilé opera ní London, kó tó darí Kennedy Center, gbọ̀ngàn ọnà ńlá ní Washington, láti 2001 sí 2014, ti ń tẹnu mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́: ọnà àti ìpolówó ló ń mú owó wọlé, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gé e. Àwọn agbaninímọ̀ràn wa kò fi pamọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìlànà wọn ti wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn fún ìyẹn.

Ohun tó yí àwọn tó ń ṣiyèméjì lọ́kàn padà ni ìtàn New York City Opera, ẹgbẹ́ tó ń ṣe opera, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin kọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Ní sáà 2008 sí 2009, wọ́n ń tún gbọ̀ngàn wọn ṣe, wọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé eré kankan jáde. Adarí tí wọ́n ti yàn pé ó ń bọ̀ kọ̀wé pé òun ò wá mọ́ kó tó gba iṣẹ́ rárá. Wọ́n fọwọ́ kan owó ìdókòwò tó yẹ kí èrè orí rẹ̀ máa gbọ́ bùkátà wọn lọ́jọ́ iwájú. Ní 2011 wọ́n kúrò ní Lincoln Center, ibi tí gbọ̀ngàn wọn wà, eré tí wọ́n ń ṣe ń dín kù, òǹwòran ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá 2013, wọ́n lọ kéde nílé ẹjọ́ pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́. Orúkọ náà padà sórí ìtàgé ní 2016 lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì. Mo wo ojú àwọn ará ìgbìmọ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́. Kò sí ẹni tó tún dábàá pé ká fagi lé ijó tuntun. Ohun tí a gé ni mọ́tò tí a ń háyà lóṣooṣù, àti ilé ìkẹ́rùsí kejì tí kò sí ohun gidi nínú rẹ̀.

Apá tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ Màmá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ló to èyí tó pọ̀ jù nínú ijó wa. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni àwọn ijó yìí?" Màmá ní, "Ẹgbẹ́ ló ni wọ́n, ta ni ì bá tún ni wọ́n?" Ó ní, "Ṣé ó wà nínú ìwé, mà?" Kò sí nínú ìwé.

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ìbéèrè yìí. Martha Graham, gbajúmọ̀ atojó kan ní Amẹ́ríkà, kú ní 1991. Ẹni tó fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún àti àjọ tó ń gbé ijó rẹ̀ wọ ẹjọ́ lórí ẹni tó ni wọ́n. Ní 2000 àjọ náà dá iṣẹ́ dúró nítorí wàhálà owó àti ti ẹjọ́ yìí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá a ní 2002, èyí tó pọ̀ jù nínú ijó náà ni wọ́n ní ó jẹ́ ti àjọ, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé òṣìṣẹ́ àjọ náà ni Graham fúnra rẹ̀ nígbà tó to ọ̀pọ̀ nínú wọn. Merce Cunningham, atojó Amẹ́ríkà mìíràn, yan ọ̀nà mìíràn. Ní 2009, kó tó kú, wọ́n ti kéde ètò kan: ẹgbẹ́ náà máa rin ìrìn-àjò ìdágbére ọdún méjì, lẹ́yìn náà á túká, àjọ kan á sì máa tọ́jú ẹ̀tọ́ ijó rẹ̀. Wọ́n jó ìkẹyìn ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2011. Alvin Ailey ní tirẹ̀ ti fi Judith Jamison, ẹni tó ti jó nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, lélẹ̀ kó tó kú ní 1989, Jamison sì darí ẹgbẹ́ yẹn títí di 2011. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, Màmá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì gbin. Wọ́n wá ní, "Ti Ailey yẹn ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó lọ."

Ibi tí inú mi ti dùn sí àwọn agbaninímọ̀ràn yìí jù nìyẹn. Wọn ò díbọ́n pé àwọn mọ òfin. Wọ́n ní ká wá agbẹjọ́rò tó mọ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, wọ́n sì kọ ohun tí a máa bi í fún wa. Wọ́n tún ní ká ṣe àkọsílẹ̀ ijó kọ̀ọ̀kan: ọdún tí wọ́n tò ó, ẹni tó kọ orin rẹ̀ àti bóyá a ní àṣẹ orin náà, ibi tí aṣọ rẹ̀ wà, ẹni tó ṣì wà láyé tó mọ̀ ọ́n jó tán. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fídíò ijó tó pẹ́ jù nínú tiwa. Màmá jókòó sórí àga, oníjó kékeré kan dúró níwájú wọn, wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rárá. Ìka kékeré ló ń kọ́kọ́ ṣí. Ìgbà tí àtàǹpàkò bá ṣí tán ni ọrùn tó yí." Wọ́n tún un ṣe títí ọmọ náà fi mú un. Ẹni tó ń kọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí kámẹ́rà tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìka kékeré ló ń ṣáájú, bí Màmá kò bá sọ ọ́.

Ti ìgbìmọ̀, mo lè sọ ọ́ ní ṣókí. Wọ́n bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì sọ fún wa ní gbangba pé ìṣòro ẹgbẹ́ yìí kò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, pé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ló wà. Ó gba ìgboyà, torí àwa la ń sanwó fún wọn. A ti fi òpin sí iye ọdún tí èèyàn lè lò ní ipò alága. Olúkúlùkù ń dá owó, tàbí ó ń mú olówó wá, bó ti wù kó kéré. Ẹnì kan tó ti pẹ́ láàárín wa ní òun ò lè ṣe é mọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wá wo eré wa dòní.

Mo dé orí ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Adarí ìgbà díẹ̀ tí wọ́n rán wá mọ iṣẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Wọ́n ti fi sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò ní bá wọn du ipò adarí tó máa dúró pẹ́, ó sì yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ béèrè fún èyí, torí ẹni tó bá fẹ́ gba ipò kò ní lè sọ òótọ́ tó le fún ìgbìmọ̀ tó máa yàn án. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lò ó ní ibòmíràn lákòókò kan náà. Ọjọ́ tó bá wà lọ́dọ̀ wa, nǹkan ń lọ. Ọjọ́ tí kò bá sí, oníjó tó bá fẹ́ béèrè bóyá ìdánrawò ti yẹ̀ kò mọ ẹni tó máa bi. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn olùlù dé, tí àwọn oníjó kò sì wá, torí iṣẹ́ tó yẹ kó fi ránṣẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. A fi ẹjọ́ sùn, wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ wa, àmọ́ ó ti pẹ́ jù fún sáà yẹn. Owó adarí odindi la san.

Ìwé ètò ọdún mẹ́ta náà ló wá bà mí nínú jẹ́ jù. Ó nípọn, ó lẹ́wà, àwòrán wà nínú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè kọ fún ẹgbẹ́ èyíkéyìí: ìran, ète, ìlànà ìwà, "àjọṣe tó múná dóko." Nígbà tí mo ka ojú ìwé kan, mo bá a níbẹ̀ pé "ìrírí àwọn tó ń wá wo ohun tí a kó sí yàrá àfihàn." Ẹgbẹ́ oníjó ni wá, a ò ní yàrá àfihàn. Ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ni wọ́n ti gbé e wá. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tó gbówó tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìbéèrè tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo là ń lò nínú rẹ̀ lónìí: tábìlì kan tó to ijó tí a fẹ́ gbé jáde lọ́dọọdún sí apá òsì, iye tó máa ná wa sí àárín, àti orúkọ àwọn tí a lè bá sọ̀rọ̀ nípa owó rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Òun ló jẹ́ ká lè lọ bá olówó ní ọdún méjì ṣáájú eré, dípò oṣù méjì. Àwa àti obìnrin yẹn la jọ tò ó lórí pátákó ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Bí ẹgbẹ́ yín kò bá tíì ní òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, ẹ má tíì gbà wọ́n. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò àwọn èèyàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó máa kó ìwé jọ gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó máa ṣe ohun tí wọ́n bá dá lábàá sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Bákan náà, bí ìwé owó ọdún mẹ́ta tó kọjá kò bá tíì pé, ẹ kọ́kọ́ parí ìyẹn, kí ẹ má baà máa san owó agbaninímọ̀ràn fún iṣẹ́ akọ̀wé owó. Àmọ́ bí olùdásílẹ̀ yín bá ń mura láti fi ipò sílẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa lọ. Ìbéèrè tí wọ́n bi Màmá yẹn, àwọn nìkan ló lè dáhùn rẹ̀.

Nínú àdéhùn, ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an wà níbẹ̀, torí ọ̀gá tó wá polówó iṣẹ́ lè máà jẹ́ òun ni yóò padà wá. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí adarí ìgbà díẹ̀ máa fi wà lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀. Ẹ pín owó sí ìpele, kí ìkẹyìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín títí ìwé á fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ kọ ọ́ pé gbogbo àkọsílẹ̀, nọ́ńbà àti fídíò tí wọ́n bá bá yín ṣe jẹ́ tiyín.

A ti tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú wọn fún ọdún tó ń bọ̀, lórí ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ ìgbìmọ̀ nìkan, obìnrin náà sì ni a kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Adarí tuntun ti wọlé, ètò ọdún mẹ́ta tó kàn, òun àti àwọn oníjó ni yóò kọ ọ́.